Owó fáńdéṣọ̀n tá a dá sílẹ̀ lórúkọ màmá wa, ṣé báàgì ni ká fi rà fún àwọn ọmọ Májídùn àbí kí la ó fi ṣe?

Àbíkẹ́yìn Onígààrí

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará Ìkòròdú. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mo sì mọ̀ pé tíṣà pọ̀ níbí, abiyamọ pọ̀, àwọn tó ti ṣe irú iṣẹ́ yìí rí náà wà.

Màmá wa dolóògbé lọ́dún tó kọjá. Gààrí ni wọ́n tà ní ọjà Sábó fún ọdún méjìlélọ́gbọ̀n. Wọn ò kàwé rárá, ṣọ́ọ̀kì ni wọ́n fi ń fa ilà sára ilẹ̀kùn ìsọ̀ wọn, ilà kan fún kóńgò kan tí oníbàárà bá gbà láwìn, tí òjò bá wá fẹ́ sí ilẹ̀kùn yẹn, gbèsè àwọn èèyàn pa rẹ́ nìyẹn, wọ́n á kàn jókòó máa wò ó. Ìsọ̀ yẹn náà ni wọ́n fi tọ́ àwa márààrún, gbogbo wa la sì kàwé.

Nígbà tí ọdún wọn pé, àwa ọmọ dá owó jọ, èyí tó wà ní Kánádà, èyí tó wà l'Ábújá, àwa tá a wà nílé, a ní ká dá fáńdéṣọ̀n sílẹ̀ lórúkọ wọn, ká máa fi ran àwọn ọmọ tí òbí wọn ò rí já jẹ lọ́wọ́ kí wọ́n lè kàwé. Mílíọ̀nù mẹ́rin náírà ló wà nílẹ̀ báyìí. Ẹ̀gbọ́n mi àgbà ní báàgì ni ká rà, irinwó báàgì pẹ̀lú ìwé ìkọ̀wé nínú ẹ̀, ká tẹ fọ́tò màmá sí i lára, ká dá ọjọ́, ká ta kánópì, ká pe alága káńsù kí wọ́n wá bá wa pín in.

Mi ò kọ̀ ọ́ o. Àmọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá mo lọ sí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba kan lápá Májídùn, mo fẹ́ lọ mọ iye ọmọ tó wà níbẹ̀. Bí mo ṣe ń dúró de hẹdimásítà, mo pe ọmọkùnrin kan tó ní pírámárì 4 lòun wà, mo ní kó ka nǹkan tí wọ́n kọ sára ògiri fún mi. "Fọ ọwọ́ rẹ kí o tó jẹun." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, Yorùbá sì ni. Kò lè kà á. Ó wo ojú mi, ó wo ògiri, ó bẹ̀rẹ̀ sí í méfò. Mo pe ọ̀rẹ́ ẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, òun náà ò lè kà á. Báàgì wà lẹ́yìn àwọn méjèèjì o, èyí tí olóṣèlú kan pín nígbà ìbò, fọ́tò ẹ̀ ṣì wà lára ẹ̀.

Àtìgbà yẹn lọkàn mi ò ti balẹ̀. Kí làwọn ọmọ yìí fẹ́ fi báàgì kejì ṣe? Àmọ́ tí kò bá wá jẹ́ báàgì, kí ni fáńdéṣọ̀n kékeré bíi tiwa lè ṣe tọ́mọ á fi mọ̀wé lóòótọ́? Ẹ dákun, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ san owó báàgì ní ìparí oṣù.

Tíṣà Ìpàkodò

Ẹ kú ará fẹ́ra kù, kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ màmá.

Ohun tẹ́ ẹ rí yẹn, ojoojúmọ́ lèmi ń rí i. Ọdún kọkàndínlógún rèé tí mo ti ń ṣe tíṣà ìjọba, Ìkòròdú yìí náà ni mo sì ti ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀, torí ohun táwọn èèyàn máa ń sọ ni pé tíṣà ò ṣiṣẹ́.

Ọmọ mẹ́tàdínlọ́gọ́rin ló wà ní kíláàsì mi. Sílébọ́ọ̀sì ò sì dúró de ẹnì kankan. Ọmọ tí kò bá mọ a b d dáadáa ní pírámárì 1, tó bá dé pírámárì 2 ọ̀rọ̀ gígùn la ó ti máa kọ sójú bọ́ọ̀dù, kí ló fẹ́ ṣe, á máa dà á kọ ni. Ó lè da gbogbo ẹ̀ kọ kó mọ́ kó gún régé, kí n máàkì í, kí ìyá ẹ̀ rí máàkì nílé kó dunnú, kọ́mọ náà má sì lè ka ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú ohun tó fọwọ́ ara ẹ̀ kọ. Tó bá fi máa dé pírámárì 5, ojú ti ń tì í, ẹ̀yìn ló máa ń jókòó sí, kò ní nàwọ́ mọ́. Tó bá yá a ò ní rí i mọ́, ẹ̀yin lẹ ó máa rí i ní Gáréèjì tó ń ta píọ̀ wọ́tà, tàbí létí omi níbi tí wọ́n ti ń kó yanrìn. Wọ́n á ní òbí ẹ̀ ló yọ ọ́ nílé ìwé. Ọmọ yẹn ti kúrò nílé ìwé tipẹ́ kí òbí ẹ̀ tó yọ ọ́.

Ọjọ́ pínpín báàgì tẹ́ ẹ ń sọ yẹn, mo ti rí i tó ìgbà mẹ́fà. Wọ́n á ní aago mẹ́sàn-án, a ó kó àwọn ọmọ jáde sí gbàgede, àlejò pàtàkì ò ní dé títí aago kan, oòrùn á pa wọ́n, a ò ní kọ́ wọn ní nǹkan kan lọ́jọ́ yẹn. Ṣé ẹ mọ̀ pé ọmọ kan dákú lójú mi nígbà kan? Wọ́n ya fọ́tò, wọ́n lọ. Kí táàmù tó parí síìpù ti já.

Ọdún méjì sẹ́yìn mo kó ọmọ mọ́kànlá jọ, láti pírámárì 3, 4 àti 5, àwọn tí mo mọ̀ pé wọn ò lè kà. Mo gé páálí Indomie, mo kọ lẹ́tà sí i. Mi ò wo kíláàsì tí wọ́n wà, ohun tọ́mọ mọ̀ ni mo wò. Èyí tí kò mọ lẹ́tà, lẹ́tà la bẹ̀rẹ̀. Èyí tó mọ lẹ́tà tí kò lè so ó pọ̀, ba be bẹ la bẹ̀rẹ̀. Èyí tó lè ka ọ̀rọ̀ kan, a bọ́ sórí gbólóhùn. Ìṣẹ́jú ogójì lójúmọ́, lábẹ́ igi máńgòrò, lẹ́yìn tá a bá jáde. Nígbà tí táàmù kejì fi máa parí, mẹ́jọ nínú wọn ń ka ìtàn kékeré fúnra wọn, méjì ń ka gbólóhùn, ọ̀kan ò wá mọ́ torí ìyá ẹ̀ kó lọ sí Ìbẹ̀ṣẹ̀. Ọmọbìnrin kan wà nínú wọn tí gbogbo kíláàsì ń pè ní olódo, ọjọ́ tó ka ojú ìwé kan tán, ńṣe ló tún padà sókè tó tún un kà, ó kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta, a ò lè dá a dúró.

Àmọ́ mọ́kànlá ni agbára mi mọ. Lẹ́yìn ọmọ mẹ́tàdínlọ́gọ́rin láti àárọ̀, ohùn mi á ti há. Torí náà tẹ́ ẹ bá bi mí, èèyàn ni kẹ́ ẹ fowó yín rà. Ẹ wá ẹni tó máa jókòó ti ọmọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, fún odidi ọdún kan.

Ìyá Ẹlẹ́ja Ẹ̀bútè

Tíṣà, ẹ ṣeun gan-an, ẹ ti sọ ọ́. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí èmi tí mo jẹ́ ìyá ọmọ náà sọ tèmi.

Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mọ́kànlá, tó bá ti ilé ìwé dé, ó máa ń bá mi gbé ẹja yíyan lọ sí ẹnu jẹ́tì, àwọn tó ń ti Èkó dé pẹ̀lú ọkọ̀ ojú omi lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ ló ń rà á. Ẹ má rò pé mi ò fẹ́ kó kàwé. Owó tó bá pa níbẹ̀ la fi ń jẹun alẹ́, mo sọ ọ́ bó ṣe wà. Wọ́n ní ilé ìwé ọ̀fẹ́ ni, lóòótọ́ a ò san sukúù fíìsì, àmọ́ owó PTA ńkọ́, owó ìdánwò ńkọ́, yunifọ́ọ̀mù, sáńdà, ìwé, owó ọ̀sán? Ọmọ mẹ́rin ni mo ní. Ìgbà kan wà tí àbíkẹ́yìn mi ò lọ fún ọ̀sẹ̀ méjì torí sáńdà.

Ẹgbẹ́ kan ṣe lẹ́sìn ọ̀fẹ́ ládùúgbò wa rí. Aago mẹ́rin sí mẹ́fà ni wọ́n fi sí. Aago mẹ́rin sí mẹ́fà gan-an lọjà wa! Ta ló máa fọmọ sílẹ̀? Nígbà tó yá wọ́n ní òbí Ẹ̀bútè ò nífẹ̀ẹ́ sí ẹ̀kọ́ ọmọ wọn, wọ́n kó ẹrù wọn, wọ́n lọ. Ó dùn mí títí dòní. Kò sẹ́ni tó bi wá ní aago tó rọ̀ wá lọ́rùn.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe é, ẹ ṣe é ní kété tí wọ́n bá jáde, aago méjì sí aago mẹ́rin, inú ọgbà ilé ìwé náà, kẹ́ ẹ sì fún wọn lóúnjẹ. Ẹ̀wà lásán ti tó. Ọmọ tó bá ti jẹun lọ́hùn-ún, mo ti dín àwo kan kù nílé nìyẹn, èmi fúnra mi ni màá máa lé e lọ.

Ọ̀rọ̀ fọ́tò náà, ẹ dákun. Wọ́n ya ọmọ mi nígbà tó ń gba ìwé, wọ́n gbé e sórí Facebook, wọ́n kọ "ọmọ aláìní" sí i lábẹ́. Àwọn ọmọ àdúgbò fi ń pè é fún oṣù mélòó kan. Ó lóun ò lọ síbẹ̀ mọ́. Ọmọ mi lórúkọ, ó ní ìyá, ó sì ní bàbá.

Ará Ògòlóńtò

Mo ti bá NGO ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́sàn-án, ọ̀rọ̀ tíṣà àti ti ìyá ẹlẹ́ja yìí, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n yín.

Ohun tí tíṣà ṣe lábẹ́ igi máńgòrò yẹn, ilẹ̀ Íńdíà ti ṣe irú ẹ̀ lọ́nà tó gbòòrò. Àjọ kan wà tó ń jẹ́ Pratham, ọdún 1995 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Mumbai, láàárín àwọn ọmọ tó ń gbé ní àdúgbò tálákà. Wọn ò lọ kó ọ̀jọ̀gbọ́n wá o. Àwọn ọmọbìnrin àdúgbò náà tó ti jáde ìwé girama ni wọ́n mú, wọ́n kọ́ wọn díẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n máa kó ọmọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún tó ti wà lẹ́yìn jáde kúrò ní kíláàsì fún nǹkan bíi wákàtí méjì lójúmọ́, kí wọ́n kọ́ wọn ní ohun tí ìpìlẹ̀ wọn ṣaláìní. Balsakhi ni wọ́n ń pè wọ́n, ìyẹn ọ̀rẹ́ ọmọdé. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé lọ ṣèwádìí ẹ̀, wọ́n fi àwọn ilé ìwé tó ní balsakhi wé àwọn tí kò ní, àwọn ọmọ tó gbẹ́yìn náà ló jèrè ẹ̀ jù. Méjì nínú àwọn onímọ̀ náà, Abhijit Banerjee àti Esther Duflo, wà lára àwọn mẹ́ta tó gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2019.

Ẹnì kẹta wọn, Michael Kremer, òun pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ló ṣe ti Kenya. Wọ́n pín ìwé kíkà fáwọn ilé ìwé abúlé níbẹ̀, gbogbo èèyàn rò pé máàkì á lọ sókè. Kò lọ sókè fún ọ̀pọ̀ ọmọ. Àwọn tó ti mọ̀wé tẹ́lẹ̀ nìkan ló rí i lò, torí èdè Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi kọ ìwé náà ga ju àwọn tó kù lọ. Ní Kenya yẹn náà, wọ́n fún àwọn ọmọ lóògùn aràn, oògùn tí owó ẹ̀ ò tó nǹkan, àìwá sílé ìwé sì fi ìdá kan nínú mẹ́rin dín kù. Ohun tójú ò tiẹ̀ wò rárá.

Ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ: ẹ lọ forúkọ sílẹ̀ ní CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, Incorporated Trustees ni kẹ́ ẹ ní ẹ fẹ́, ìyẹn irú tí fáńdéṣọ̀n ń gbà, ẹ ó kéde nínú ìwé ìròyìn méjì, ẹ ó sì fi ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n sílẹ̀ bóyá ẹnì kan á takò ó. Kẹ́ ẹ tó wọ ilé ìwé ìjọba ẹ kọ lẹ́tà sí LGEA Ìkòròdú, ìyẹn ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ ti ìjọba ìbílẹ̀, kẹ́ ẹ sì bá SBMC, ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ilé ìwé náà, jókòó, òbí wà níbẹ̀, tíṣà wà níbẹ̀, àgbà àdúgbò wà níbẹ̀, wọ́n á sọ aago tó dáa fún yín. Ẹ má fo ìpàdé yẹn o. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ọdún mẹ́sàn-án tó jẹ́ dandan wà nínú òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ (UBE) ti 2004, torí náà ẹ ò lọ gba iṣẹ́ ìjọba ṣe, ohun tó já bọ́ nínú ẹ̀ lẹ fẹ́ bá wọn gbé.

Èyí tí mi ò ní fojú kéré ni ààbò àwọn ọmọ. Ẹ wádìí ẹni tẹ́ ẹ bá gbà dáadáa, lọ sílé ẹ̀, lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́sálásí ẹ̀. Kí àgbà kan ṣoṣo má dá wà pẹ̀lú ọmọ nínú yàrá tí wọ́n ti pa dé. Méjì méjì ni, kí fèrèsé sì ṣí sílẹ̀.

Wáyà Ìṣawo

Mo ti ka gbogbo ọ̀rọ̀ yín, ó dáa, àmọ́ mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ máa fẹnu tẹ́ báàgì báyẹn. Iná mànàmáná ni mo ń ṣe báyìí, mo ní ọmọ iṣẹ́ mẹ́rin. Nígbà tí mo wà ní pírámárì, inú lailọ́ọ̀nù dúdú ni mo ń kó ìwé mi sí, òjò Ìṣawo sì ni, ẹ mọ bí ọ̀nà wa ṣe rí, ìwé mi ò gbẹ rí. Tíṣà nà mí torí ìwé tó tutù. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sá. Ìyàwó pásítọ̀ kan ló rí mi tó fún mi ní báàgì, àlòkù ọmọ ẹ̀ ni, kò ya mí ní fọ́tò kankan, ó kàn ní "gbà, kó ìwé ẹ sí i." Mo padà lọ. Mo parí pírámárì, mo parí girama. Ẹni tí bàtà ò ta lẹ́sẹ̀ rí ò lè mọ̀. Ẹ má yọ báàgì kúrò pátápátá, ẹ jọ̀ọ́.

Tíṣà Ìpàkodò

Wáyà, ẹ má bínú, òótọ́ lẹ sọ, ọ̀rọ̀ yín dé ibi tó yẹ kó dé. Ẹni tó fún yín ní báàgì rí yín kó tó fún yín ni. Ìyàtọ̀ ẹ̀ nìyẹn sí kánópì. Àwa tíṣà mọ ọmọ tí kò ní báàgì, a mọ èyí tí kò ní sáńdà, ẹ bi wá, a ó fi orúkọ wọn ránṣẹ́ lábẹ́lẹ̀, kẹ́ ẹ fún un láìsí ariwo.

Nọ́ọ̀sì Ágírìkì

Kúkúrú ni tèmi. Kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́sìn kankan, ẹ yẹ ojú àwọn ọmọ náà wò.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan, ọdún mẹ́rin gbáko ni wọ́n fi pè é ní ọ̀lẹ. Ó máa ń da iṣẹ́ kọ láti inú ìwé ẹni tó jókòó tì í, tíṣà á ní ó ń jíwèé wò, wọ́n á nà án. Mo kàn ní kó ka nọ́ńbà ọkọ̀ tó dúró lódìkejì títì fún mi lọ́jọ́ kan, ó ní "ọkọ̀ wo?" Bí a ṣe gbé e lọ sọ́sípítù nìyẹn, wọ́n fún un ní awò. Ọ̀nà ilé la wà nígbà tó kígbe pé òun ń rí ewé lórí igi lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ kọ lẹ́tà E ńlá sára páálí, kí ọmọ dúró lókèèrè, kẹ́ ẹ máa yí páálí náà, kó fọwọ́ sọ ibi tí ẹsẹ̀ lẹ́tà náà kọjú sí. Kì í ṣe dókítà nìkan ló lè ṣe ìyẹn, ẹnikẹ́ni tá a bá kọ́ lè fi ya àwọn tó yẹ kó lọ rí onímọ̀ ojú sọ́tọ̀. Etí náà ńkọ́, ọmọ tí etí ẹ̀ ń ṣoyún lè má gbọ́ ìyàtọ̀ láàárín ba àti pa. Ti oògùn aràn, ẹ gba ọ̀dọ̀ ibùdó ìlera lọ, ẹ má lọ rà á lójú títì fi pín fọ́mọ ọlọ́mọ.

Bàbá Ìgbógbó

Ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí.

Ọdún 1955 ni mo wọ ilé ìwé, nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní. Abẹ́ Western Region ni Ìkòròdú wà nígbà yẹn, ọdún 1967 la tó bọ́ sábẹ́ ìpínlẹ̀ Èkó. Àwa ọmọ pọ̀ débi pé wọ́n ń fi igi àti imọ̀ ọ̀pẹ ṣe kíláàsì. Èmi náà tún wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí Jákáńdè di gómìnà Èkó lọ́dún 1979, tó ní òun ò fẹ́ kí ọmọ kankan máa lọ sílé ìwé ní ṣífìtì mọ́, àwọn kan láàárọ̀, àwọn kan lọ́sàn-án, tó wá kọ́ kíláàsì káàkiri. Àwọn èèyàn fi kíláàsì yẹn ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó dà bí ilé adìyẹ. Inú ẹ̀ ni mo ti kọ́ àwọn tó ti di dókítà lónìí.

Ohun tí mo fẹ́ sọ ni ti èdè. Lọ́dún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní ilé ìwé St. Stephen's A ní Modákẹ́kẹ́. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo nǹkan fún ọdún mẹ́fà pírámárì, ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, gbogbo ẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì wá di iṣẹ́ kan láyè ara ẹ̀ tí tíṣà tó mọ̀ ọ́n ń kọ́ wọn. Ṣé ẹ mọ ẹni tó fowó sí i? Ford Foundation, àjọ aláàánú ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Àwọn ọmọ yẹn ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ láti pírámárì 4 lọ, Gẹ̀ẹ́sì gan-an ò sì fi wọ́n sílẹ̀. Owó àjọ àjèjì ni wọ́n fi fi hàn pé èdè wa tó kọ́ ọmọ. A wá gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ń dun èmi títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí.

Torí náà, ìwọ ọmọ yìí, Yorùbá ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀ kíkà. Ọmọ tó bá ti mọ bí lẹ́tà ṣe ń di ọ̀rọ̀ lédè tó ń sọ nílé, kò ní pẹ́ kó tó lò ó fún Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́tà Yorùbá ò sì purọ́, bó ṣe wà lójú ìwé ló ṣe ń dún lẹ́nu, kò dà bíi ti Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ọmọ Ìlàjẹ tó pọ̀ ní Májídùn, tiwọn ò jìnnà sí i. Àwọn ọmọ Ègùn ni kẹ́ ẹ ronú sí, ẹ wá ẹni tó gbọ́ èdè wọn sáàárín àwọn olùrànlọ́wọ́ yín, kí ọmọ má baà jókòó bí odi.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Odò

Ẹ ṣeun bàbá. Ẹ jẹ́ ká má gbàgbé pé ọmọ Ìkòròdú níbí ni Túndé Ọnàkọ̀yà tó dá Chess in Slums Africa, àjọ tó ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò tálákà ní chess, sílẹ̀ lọ́dún 2018. Àdúgbò bíi tiwa ló ti dàgbà, kò sówó nílé. Oṣù kẹrin 2024 ló jókòó ní Times Square ní New York tó ta chess fún ọgọ́ta wákàtí, kó lè rówó fún ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ. Ohun tí mo fẹ́ fà yọ nínú ẹ̀ ni pé ọmọ tí wọ́n ti ń pè ní olódo, tó bá rí ibì kan ṣoṣo tó ti borí, ojú tó fi ń wo ara ẹ̀ á yí. Ẹ fi ayò ọlọ́pọ́n tàbí chess sí i fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí ìwé bá sú wọn. Ayò gan-an, ìṣirò ni látòkè délẹ̀.

Àbíkẹ́yìn Onígààrí

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti ka gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, Ọlọ́run á san yín lẹ́san. Ọ̀rọ̀ Bàbá Ìgbógbó mú mi sunkún díẹ̀, mo kàn rántí ilẹ̀kùn ìsọ̀ màmá.

Mo fi ohun tí Tíṣà kọ àti ti Ìyá Ẹlẹ́ja ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi. Wọn ò dáhùn fún ọjọ́ méjì, ọkàn mi ti ń já. Lánàá ni wọ́n pè mí, wọ́n ní "aago mẹ́rin sí mẹ́fà, àsìkò tí màmá ń kó gààrí wọlé nìyẹn." Bí ọ̀rọ̀ báàgì irinwó ṣe tán nìyẹn.

A jọ ṣírò ẹ̀ lórí fóònù. Olùrànlọ́wọ́ mẹ́rin, ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, aago méjì sí mẹ́rin, ₦40,000 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lóṣù, oṣù mẹ́wàá, ₦1,600,000 nìyẹn. Ọmọ ọgọ́ta, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fún olùrànlọ́wọ́ kọ̀ọ̀kan. Oúnjẹ ₦300 fún ọmọ kan lójúmọ́, ₦54,000 lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́rìndínlógójì, ₦1,944,000. Èyí tó kù jẹ́ ₦456,000, òun la ó fi ṣe ti ojú, síléètì, ṣọ́ọ̀kì, ìwé ìtàn Yorùbá kéékèèké, àti báàgì tàbí sáńdà fún ọmọ tí tíṣà bá forúkọ ẹ̀ ránṣẹ́. Wáyà, mo gbọ́ tiyín. Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin ló wà ní ìsọ̀ màmá ní Sábó báyìí, wọ́n ní gààrí tí wọ́n á fi jẹ ẹ̀wà, káwọn máa gbé e wá lọ́fẹ̀ẹ́. Fọ́tò màmá ò ní sí lára nǹkan kan, tọmọ ẹnikẹ́ni náà ò sì ní dé orí Facebook.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni ọdún kejì, torí owó á ti tán lọ́dún yìí nìkan. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Kánádà ní káwa márààrún máa dá owó sí i lóṣooṣù láti ìsinsìnyí, kó má baà jẹ́ pé a bẹ̀rẹ̀ a sì fi wọ́n sílẹ̀ láàárín ọ̀nà. A ti bẹ̀rẹ̀ ti oṣù yìí.

Mọ́ńdè ni mò ń lọ fi lẹ́tà sílẹ̀ ní LGEA. Tíṣà Ìpàkodò, ẹ jọ̀ọ́ ṣé ẹ lè bá mi kọ́ àwọn olùrànlọ́wọ́ náà bẹ́ ẹ ṣe fi páálí kọ́ àwọn mọ́kànlá yẹn, Sátidé méjì péré, mo máa sanwó ọkọ̀ yín. Mo ti rí mẹ́ta nínú mẹ́rin, méjì jáde NCE, ọ̀kan ń retí jáǹbù. Ẹni kẹrin ni mi ò tíì rí. Tí ẹnikẹ́ni bá mọ ọmọbìnrin tó gbọ́ Ègùn, tó ti parí ìwé girama, tó ń gbé lápá Májídùn tàbí Ògòlóńtò, ẹ bá mi sọ fún un, kẹ́ ẹ kọ̀wé sí mi ní inbox.